Màrìwò Tí Mo So Sẹ́nu Ọ̀fìn Lórí Pápá Ọba Agbálẹ̀másùn

Kí n tètè sọ ìwà òmùgọ̀ tèmi kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́. Èmi Ọdẹ́bùnmi, ìyá àgbà onídìí ńlá tí ẹ ń wò yìí, ọwọ́ mi ni mo fi so màrìwò tó gbé Ọnàyẹmí wọlẹ̀. Kì í ṣe iwin ló so ó, kì í sì í ṣe ọ̀tá. Èmi ni. Mo tilẹ̀ fi eyín fa kókó rẹ̀ kó lè le dáadáa, nígbà tí eyín ṣì wà lẹ́nu mi.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni mo sọ ọ́ jáde, lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé mi. Àwọn obìnrin ilé ń yọ ẹ̀gúsí, àwọn ọkùnrin ń sinmi iṣẹ́ tí wọn kò ṣe. Látúndé, àbúrò ọkọ mi, na ẹsẹ̀ méjèèjì sórí àga mi bí ẹni pé òun ló kàn án. Níwájú mi gan-an ni Mosúnmọ́lá jókòó sí, ọmọ Ọnàyẹmí. Àárọ̀ ọjọ́ náà ló ti Abẹ́òkúta dé, ó gbé bébà gígùn kan tó ká jọ mọ́ra, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní:

"Ìyá àgbà, ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń gbọ́ pé ẹ̀yin lẹ rí bàbá mi kẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún mi. Màmá mi fẹ́ mọ̀ bóyá kí àwọn sunkún òkú ni, àbí kí àwọn ṣì máa wo ọ̀nà."

Mo ní kí gbogbo wọn súnmọ́ mi. Mo ní, ẹ̀yin tí etí yín ti di, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu, ohùn mi ṣì wà níbi tí mo fi í sí. Nígbà tí ara mi ṣì le, bí mo bá dúró sí ẹ̀yìnkùlé yìí tí mo pe ajá mi, àwọn ajá òdìkejì odò ló máa ń dá mi lóhùn. Lọ́jọ́ kan mo kígbe mọ́ ìmàdò, ìmàdò náà ṣubú lulẹ̀ kí n tó fa ìbọn.

"Ìyàwó wa," Látúndé ní, "ìmàdò yẹn ti kú láti ìjẹta kí ẹ tó bá a. Gbogbo wa la gbóòórùn rẹ̀."

"Ọkọ mi, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín kúrò lórí àga mi. Bó bá rùn, kí ló dé tí ẹ fi jẹ itan rẹ̀ méjèèjì?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mosúnmọ́lá kò rẹ́rìn-ín. Mo bá bẹ̀rẹ̀.

Ọdún tí wọ́n ní àwọn fẹ́ la pápá gọ́ọ̀fù sí etí igbó wa ni Ọnàyẹmí dé. A kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní gọ́ọ̀fù. Òun ló ṣàlàyé rẹ̀ fún wa: èèyàn yóò gbé bọ́ọ̀lù funfun kan tó kéré bí ẹyin ẹyẹlé sílẹ̀, yóò fi ọ̀pá gbá a, yóò rìn tẹ̀ lé e, yóò tún gbá a, títí tí yóò fi wọ ihò kékeré kan tí wọ́n ri àsíá mọ́. Ihò méjìdínlógún ni wọn yóò gbá a sí lọ́jọ́ kan.

Mo ní, "Lẹ́yìn náà, wọ́n á wá sè é jẹ?"

Ó ní, "Rárá, Ìyá Ọdẹ. Wọ́n á lọ sílé."

Ẹ̀rín pa mí débi pé mo tọ̀ sára díẹ̀. Díẹ̀ ni o. Ṣùgbọ́n nígbà tó sọ iṣẹ́ tirẹ̀, ẹ̀rín mi dá. Ó ní òun kì í gbá bọ́ọ̀lù. Òun ni òun ń ya ilẹ̀ tí wọ́n ń gbá a lórí rẹ̀. Bàbá àgbà rẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ààfin. Nígbà tó wà ní kékeré, ó rí i tí bàbá náà jókòó ti ìtì igi fún ọjọ́ mẹ́ta láì mú ọ̀bẹ, tó kàn ń wo ibi tí igi náà fúnra rẹ̀ fẹ́ yà sí. Ìyá rẹ̀ sì ń ṣe àdìrẹ ní Ìtòkú, ó ń fi ẹ̀kọ bo ara aṣọ kí aró má bàa dé ibẹ̀. Ibi tí aró kò dé yẹn gan-an ni ojú gbogbo èèyàn máa ń lọ.

Ó ní, "Ojú àwọn méjèèjì ni mo fi ń wo ilẹ̀. Mo ń wá ibi tó fẹ́ yà sí, mo sì ń wá ibi tí n kò ní fọwọ́ kàn rárá. Bí mo bá ti ń rìn ni mo ń ka ìṣísẹ̀ mi, mo ń kọ ọ́ sínú bébà." Ó wá béèrè bóyá ilẹ̀ kan wà nítòsí tí ọkọ́ kò kàn rí, kí òun lọ kọ́ ẹ̀kọ́ lára rẹ̀.

Olúọdẹ wa, tí a jọ ń mu ẹmu, dá a lóhùn. "Ẹ má ré odò Ẹlẹ́kun kọjá," ó ní. "Ilẹ̀ ọ̀hún ní ẹni tó ń tún un ṣe."

Ọ̀rọ̀ náà tó kí ọlọ́gbọ́n padà sílé. Ṣùgbọ́n mo ti mu ẹmu igbá mẹ́ta. Mo lu àyà gbàà, mo ní, "Igbó wo ni wọ́n dá tí Ọdẹ́bùnmi kò mọ ojú rẹ̀? Ọnàyẹmí, dìde, èmi ni n ó mú ọ lọ, èmi náà ni n ó sì mú ọ bọ̀." Bí mo ṣe sọ nìyẹn. Gbogbo ilé ẹmu ló gbọ́.

Bí a ti ré odò náà kọjá báyìí, afẹ́fẹ́ gbá wa mú. Kì í ṣe irú èyí tó ń fẹ́ kọjá lọ. Ibẹ̀ ló ń gbé. Kò sí igi kankan, koríko kúkúrú ló hù sórí iyanrìn, ilẹ̀ náà sì ń ga sókè, ó ń rì wálẹ̀ bí ikùn ẹni tó sùn. Afẹ́fẹ́ já ìró mi gbà, ó gbé e lọ, ó ku èmi àti tòbí abẹ́ rẹ̀ nìkan. Tòbí yẹn ni mo fi la gbogbo ìrìn-àjò yìí já, ẹ máa rántí. Mo sáré wọ inú kòtò iyanrìn kan láti fi ìdí mi pamọ́, àfi bí nǹkan ṣe mí gbòò sí mi lọ́rùn.

Ara èèyàn ló ní, orí àgùntàn ló wà lọ́rùn rẹ̀. Mo gbójú sókè, mo rí i pé gbogbo ilẹ̀ náà ló kún fún irú kòtò bẹ́ẹ̀, olúkúlùkù dùbúlẹ̀ sínú tirẹ̀, wọ́n kẹ́yìn sí afẹ́fẹ́. Wọ́n dìde lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ta ló gbẹ́ ibi tí o sá sí?" onílé bi mí.

"Ẹ̀yin ni, ẹ jọ̀ọ́."

"A kò ní ọkọ́, a kò ní àdá. Ta ló gbẹ́ ẹ? Bí o kò bá mọ̀, ọ̀kan nínú wa ni ọ́ láti òní lọ."

Mo fọwọ́ kan ọrùn mi, irun àgùntàn ti ń hù níbẹ̀. Ẹ kò gbà mí gbọ́? Ẹ wá fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn mi níbí, irun díẹ̀ ṣókí ṣẹ́kù tí abẹ kankan kò lè fá. Ọnàyẹmí ló kúnlẹ̀ létí kòtò náà, tó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lára yíká bí ẹni tó ń wo aṣọ títà.

Ó ní, "Ẹ̀rù ló gbẹ́ ẹ. Ẹ̀ ń sá fún afẹ́fẹ́, ẹ̀ ń fara ro ojú kan náà lójoojúmọ́, koríko ibẹ̀ kú, iyanrìn yọ. Ìdí nìyẹn tí etí rẹ̀ fi ga níhà ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá."

Wọ́n dùbúlẹ̀ padà lọ́kọ̀ọ̀kan, irun ọrùn mi sì dáwọ́ dúró. Ọnàyẹmí ti tú bébà rẹ̀, ó ń ya kòtò náà sínú rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Ọdẹ, wọ́n ní ní ilẹ̀ òyìnbó, létí òkun, irú kòtò tí àgùntàn fi ara gbẹ́ báyìí ni ẹnì kan kọ́kọ́ rí tó wá di ara pápá. Láti ìgbà náà ni gbogbo wa ti ń sín àgùntàn jẹ, a wá ń pe ara wa ní ọlọ́nà."

Mo ní, "Ọlọ́nà, bá mi wá ìró mi." Kò gbọ́.

Ìlú tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ń pè ní Ó-Kù-Díẹ̀. A rí ilé kan níwájú, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, a tilẹ̀ rí ìkòkò tó ń hó lórí iná. Kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. A rìn, a rìn, ẹsẹ̀ mi wú, ilé náà ṣì wà ní ogún ìṣísẹ̀. A bá bàbá arúgbó kan lójú ọ̀nà tó gbé iṣu ìdána lórí. Iṣu náà ti di eruku nínú agbọ̀n.

"Ẹ̀yin ará," ó ní, "ṣé mo ti dé? Ìyàwó mi ń retí mi nílé àna mi yẹn. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún nígbà tí mo gbéra."

Ọnàyẹmí ní kí n dojú bolẹ̀ kí n wo ilẹ̀, kí n má wo ilé. Mo dojú bolẹ̀, ìdí mi dúró sókè bí òkè Olúmọ, mo sì rí i: òkè kékeré kan wà níwájú, òmíràn wà lẹ́yìn rẹ̀, ojú ń fò láti orí èyí sórí ìyẹn bí ẹni pé wọ́n lẹ̀ mọ́ra. Àfonífojì tó lè gbé odindi ìlú mì ló wà láàárín wọn, ó fara sin. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ń rìn sí tí kò fi dé. A gba ẹ̀gbẹ́, a yí i po, a jáde. Bàbá náà kọ̀, kò bá wa yà. Ó ní ọ̀nà tòun ló yá.

Ọnàyẹmí dúró, ó ń wo ẹ̀yìn bàbá náà títí. Ó ní, "Èmi náà ń ṣe é, Ìyá Ọdẹ. Mo máa ń gbé òkè sí iwájú kí ojú má bàa rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ti yìn mí nítorí rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. N kò rí ojú ẹni tí mo ṣe é fún rí."

Láti ibẹ̀ lọ, kò bá mi ṣeré mọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti rí ilẹ̀ tó dára, ṣùgbọ́n n kò rí irú èyí tí a bá lẹ́yìn Ó-Kù-Díẹ̀ rí. Koríko rẹ̀ kúnná bí irun orí ọmọ titun. Àsíá mẹ́tàdínlógún ló ń fẹ́ lórí rẹ̀, àkísà aṣọ ni gbogbo wọn: ọrùn ẹ̀wù kan, ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan, àdìrẹ kan tó ti ṣá. Bí a ti ń súnmọ́ ọ̀kan ni mo gbọ́ ohùn nínú ihò abẹ́ rẹ̀. Ohùn èèyàn ni, ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó ń ka ìṣísẹ̀. "Ọgbọ̀n. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Méjìlélọ́gbọ̀n." A dé ìkejì, òun náà ń kà.

Mo bojú wẹ̀yìn láti wo ibi tí a ó gbà sá. Kò sí ipasẹ̀ wa kankan nílẹ̀. Ọkùnrin kan tó ga bí ọ̀pẹ ń tẹ̀ lé wa pẹ̀lú ìgbálẹ̀, ó ń gbá ibi tí a bá tẹ̀ kí a tó gbé ẹsẹ̀ kúrò tán. Ọmọ ọdẹ ni mí. Ẹ lè fi ìbọn dẹ́rù bà mí, kò ní tó kí ẹ gbá ipasẹ̀ mi nù. Ọba Agbálẹ̀másùn nìyẹn, iwin tó ni pápá náà. Ó ń gbálẹ̀ bó ti ń bá wa sọ̀rọ̀.

"Ayàlẹ̀, mo ti ń retí rẹ. Ihò kejìdínlógún kò sí. Ìwọ ni o máa yà á."

"Kábíyèsí, àwọn tó ya ìyókù ńkọ́?" Ọnàyẹmí béèrè.

"Wọ́n wà níbẹ̀. Olúkúlùkù wà nínú tirẹ̀." Ó gbálẹ̀ díẹ̀. "Fi ọ̀fìn kan sí i tí ojú mi kò ní rí. Bí mo bá rí i, ẹ̀yin méjèèjì di tèmi. Bí n kò bá rí i, ìwọ tí o yà á ni yóò kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀. Bí o bá dé ihò, kí ẹ̀yin méjèèjì máa lọ. Bí ọ̀fìn bá gbé ọ, o di tèmi, kí obìnrin yìí máa lọ sílé. Ẹ sì gbọ́: bí ẹnì kan bá ń gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá mi, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọhùn. Ẹni tó bá fọhùn, ilẹ̀ á gba òun náà."

Ó wo èmi gan-an nígbà tó sọ ìyẹn. Ẹnu mi ti lókìkí dé ọ̀dọ̀ iwin.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Ọnàyẹmí fi jókòó láì ṣe nǹkan kan, bíi bàbá àgbà rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin ló dìde. Ọ̀nà méjì ló yà. Ìkan gùn, ó yí òkè kan po, kò sí ewu lórí rẹ̀. Ìkejì kúrú, ó gba àárín koríko tó ń dán. Ó ní òun kò ní fi ipá lé ẹnikẹ́ni sí ọ̀kankan. Mo ní bí àwa ọdẹ náà ṣe ń ṣe é nìyẹn, a kì í lé ẹran sí ọ̀fìn. A máa ń jẹ́ kó wù ú láti gba ibẹ̀ ni. Inú rẹ̀ dùn. Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú.

"Ẹ̀yin ni kí ẹ gbẹ́ ihò àti ọ̀fìn, Ìyá Ọdẹ, èmi á máa ṣiṣẹ́ lẹ́yìn òkè. Ẹ má sọ ibi tí wọ́n wà fún mi. Bí mo bá mọ̀, ojú mi á máa sá fún un, ọba á sì rí i lójú mi. Ẹ ṣáà ri àsíá mọ́ ihò, kí n mọ ibi tí mo ń lọ. Ọwọ́ yín ni ẹ̀mí mi wà."

Mo ní, "Lọ fọkàn balẹ̀."

Mo gbẹ́ ihò sí ẹ̀yìn òkè, ní òpin ọ̀nà gígùn. N kò ní aṣọ tí mo lè fi ṣe àsíá, mo bá tú okùn tòbí mi, okùn pupa, mo so ó mọ́ igi, mo fi ọwọ́ kan di tòbí mú. Ọwọ́ kan yòókù ni mo fi gbẹ́ ọ̀fìn sí ọ̀nà kúkúrú, mo tẹ́ ẹ̀ka sí i, mo tẹ́ koríko sí i, mo bu iyẹ̀pẹ̀ lé e. Kò sí ọdẹ tó tíì gbẹ́ irú rẹ̀. Èmi fúnra mi yíjú kúrò, mo wò ó padà, n kò rí i mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò mọ èyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín. Bí ọdẹ bá gbẹ́ ọ̀fìn tó sì bò ó, ó gbọ́dọ̀ so màrìwò sí ẹnu rẹ̀. Ẹran kò ní kà á sí. Èèyàn tó bá ń bọ̀ á rí i, á sì yà. Ẹni tó bá gbẹ́ ọ̀fìn láì so màrìwò, apànìyàn là ń pè é. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ṣe é. Kí n tó ronú, mo ti gun ọ̀pẹ kan létí pápá, mo ti já màrìwò, mo ti fi eyín fa kókó rẹ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé, bí Ọnàyẹmí bá rí èyí, á yà.

Ọba dé. Ó gbá gbogbo ilẹ̀ náà, ó fi imú gbóòórùn rẹ̀, ó dúró níwájú màrìwò. Ó ní, "Mo rí àsíá yín. Àsíá tó rẹwà. N kò rí ọ̀fìn. Ẹ yege." Ó bá gbé ìka lé ètè, ó sì nawọ́ sí orí òkè.

Ọnàyẹmí ti yọ níbẹ̀. Òkè ló bo okùn tòbí mi mọ́ ọn lójú. Màrìwò ló rí, tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ nínú oòrùn. Mo rí i tó rẹ́rìn-ín, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Ó-Kù-Díẹ̀. Ọmọ ìlú ńlá ni, ohun tí wọ́n bá rì sẹ́nu ihò ni iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ọ láti máa lọ bá. Ó gbá bọ́ọ̀lù. Kí n tó ṣẹ́jú, ilẹ̀ ti gbé e. Ìṣẹ́jú kan péré báyìí. Kò pariwo. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: "Ení. Èjì. Ẹ̀ta."

Ọba gbá ojú ibẹ̀ mọ́. Bébà Ọnàyẹmí nìkan ló kù sí etí rẹ̀. Mo ká a, n kò tú u wò, ẹsẹ̀ mi sì bá ara rẹ̀ létí odò Ẹlẹ́kun. Awakọ̀ tó ń lọ Abẹ́òkúta ni mo fi bébà náà rán sí ìyàwó rẹ̀. N kò fi ọ̀rọ̀ kankan mọ́ ọn. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Mo ní, "Mosúnmọ́lá, ọmọ mi, ohun tí wàá sọ fún màmá rẹ nìyí. Kò kú. Kò sì ní padà. Ẹ má wo ọ̀nà mọ́. Màrìwò ni, ọmọ mi. Ọwọ́ òmùgọ̀ tèmi yìí ni." Mo na ọwọ́ náà sí i, mo fẹ́ rẹ́rìn-ín ara mi bí mo ṣe máa ń ṣe, ẹ̀rín kò wá.

Kò sẹ́ni tó yọ ẹ̀gúsí mọ́. Látúndé ti gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí àga.

Mosúnmọ́lá tú bébà náà sórí ilẹ̀, ó fi òkúta tẹ igun rẹ̀. Mo rí kòtò àwọn àgùntàn níbẹ̀, mo rí òkè méjì Ó-Kù-Díẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, màrìwò ni, Ọnàyẹmí yà á dáadáa, títí kan kókó tí mo ta sí i. Nọ́ńbà wẹ́wẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n tò wálẹ̀.

Ó fi ìka lé wọn, ó rọra ń kà wọ́n. "Ogún. Ogójì. Ọgọ́ta. Ó dúró níbí, ó ya ewé rẹ̀. Ọgọ́rùn-ún. Ó tún dúró níbí. Igba ìṣísẹ̀ ni bàbá mi rìn kó tó dé ẹnu ọ̀fìn, kì í ṣe ìṣẹ́jú kan." Ó gbójú sókè, ó wò mí. "Ìyá àgbà, mo ti gbọ́ ti màrìwò. Ohùn yín tó ń dé òdìkejì odò ńkọ́?"